Bí ẹ ṣe lè wọn ilẹ̀ tí odò ń gé lọ lẹ́bàá oko àti ilé yín, ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń ta ilẹ̀ etí odò. Nínú oṣù kejì, odò ti fà sẹ́yìn, yanrìn funfun tẹ́ síbẹ̀ bí ẹní. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ á dúró lórí bèbè, á wo ìsàlẹ̀, á ní, "Odò yìí jìnnà." Tó bá máa fi di oṣù kẹwàá, omi ti wọ inú ọgbà. Ẹni tó ti ń gbé ibẹ̀ láti kékeré náà kò sábà mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá bi í pé ilẹ̀ tó ṣe mélòó ni odò ti gé láàárín ọdún márùn-ún, á nawọ́ sí àárín omi, á ní, "Ibẹ̀ yẹn ni ọ̀pẹ bàbá mi wà tẹ́lẹ̀." Òótọ́ ló ń sọ. Àmọ́ a ò lè fi ìnawọ́ pinnu ibi tí ìpìlẹ̀ ilé máa wà, a ò sì lè gbé e lọ síwájú ìjọba.

Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó gbìyànjú àtiwọn ọ́n. Ohun kan náà ló ń bà á jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́: ọjọ́ tí omi kún ni wọ́n ń sáré gbé téèpù, wọn ò sì ní ojú kan tó dúró tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n. Bèbè kì í sábà wó lọ́jọ́ tí omi kún. Ìgbà tí omi bá ń fà lọ ló máa ń wó. Ẹni tó bá di èyí mú ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Téèpù gígùn, 30 mítà tàbí 50 mítà. Kékeré tí kápẹ́ńtà ń lò kò tó.
- Irin ìkọ́lé tó nípọn tó 10 mm, kí ẹ gé e sí mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní méjìlá: mẹ́sàn-án fún iṣẹ́, mẹ́ta fún ìpààrọ̀.
- Òpó kọnkéré kékeré mẹ́fà, tàbí páìpù irin mẹ́fà, pẹ̀lú àpò sìmẹ́ǹtì kan, yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́.
- Òòlù ńlá, àdá, ọ̀dà funfun àti pupa.
- Okùn tó gùn ju ìbú odò lọ, kí ẹ ta á ní kókó ní mítà kọ̀ọ̀kan.
- Ọ̀pá tó gùn tó mítà mẹ́ta, kí ẹ fi ọ̀dà fa ìlà sí i ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá mẹ́wàá.
- Páìpù rọ́bà kan, ẹfun díẹ̀, àti ọsàn mẹ́wàá. Ọsàn jíjẹ ni mò ń wí.
- Fóònù tó ń ya fọ́tò tó sì ní aago tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá.
- Ìwé ẹlẹ́yìn líle àti pẹ́ńsù. Bírò máa ń ṣàn tí òjò bá kàn án.
- Èèyàn méjì, ó kéré tán. Ẹni kan kò gbọdọ̀ dá lọ sétí odò fún iṣẹ́ yìí, kódà nínú ẹ̀ẹ̀rùn.

Láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹta ni kí ẹ ti ri gbogbo òpó àti irin mọ́lẹ̀. Òjò wa máa ń ga nígbà méjì: ní nǹkan bí oṣù kẹfà sí oṣù keje, á sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, lẹ́yìn náà ni àrọ̀kúrò á dé ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá. Àrọ̀kúrò ló burú jù fún bèbè, torí ilẹ̀ ti mu omi yó kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ìpele 1: Ẹ yan ibi, kí ẹ sì gbàṣẹ

Ẹ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rin etí odò kí ẹ tó ra irin kankan. Odò kì í gé ilẹ̀ dọ́gba. Níbi tó bá ti tẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ìta ìtẹ̀ yẹn ni omi ń sáré gbá, bèbè ibẹ̀ á sì dúró ṣánṣán bí ògiri. Ẹ̀gbẹ́ inú ni yanrìn ń jókòó sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn méjì tí oko wọn kọjú síra fi lè jọ wà lórí odò kan, kí ilẹ̀ ọ̀kan máa dín, kí ti èkejì máa fẹ̀. Ẹjọ́ ààlà tó máa ń tibẹ̀ jáde kì í tán bọ̀rọ̀.

Àmì tí ẹ máa wá ni gbòǹgbò igi tó fò sókè láìní ilẹ̀ lábẹ́, ilẹ̀ tútù tí koríko kò tíì hù sí, igi tó fì sójú omi, àti ìlà sísán lórí bèbè tó bá odò lọ ní ìbú. Ibi tí ẹ bá ti rí méjì nínú wọn pọ̀ ni kí ẹ ti ṣiṣẹ́.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà níbi ni pé ojú ọ̀nà ni wọ́n ń wọ̀n, níbi tí wọ́n ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sì ti ń fọṣọ, torí ó rọrùn láti dé. Ìdí tí ibẹ̀ fi di ojú ọ̀nà gan-an ni pé bèbè rẹ̀ rọlẹ̀, kì í wó. Ẹ máa wọn ibẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá kí ẹ má rí nǹkan kan.

Ilẹ̀ wa náà kò rí bákan náà. Lápá Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó, àpáta ló wà nísàlẹ̀. Odò lè máa ṣàn lórí òkúta fún ọ̀pọ̀ ọdún kó má mú nǹkan kan. Tí ẹ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sápá ọ̀sà, ilẹ̀ pupa oníyanrìn ló pọ̀, omi máa ń yọ́ ọ bí iyọ̀. Ní agbègbè Ṣàgámù, òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì àti amọ̀ wà nínú ilẹ̀. Amọ̀ kì í tètè yọ́, àmọ́ tó bá ti sán, òkìtì ńlá ló ń já lẹ́ẹ̀kan náà. Lápá Ìwọ́pin àti etí ọ̀sà, omi ọ̀sà ló máa ń dá omi odò dúró, kì í jẹ́ kó tètè lọ. Ìwọ̀n gíga omi àti iye ọjọ́ tó lò ló ṣe pàtàkì níbẹ̀ ju ìgé bèbè lọ.

Ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ olórí ẹbí tó ni ilẹ̀ àti Baálẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá ibẹ̀ jẹ́ ojúbọ. Ọ̀pọ̀ odò wa ní àwòrò, tí ẹ bá sì lọ ri irin mọ́ ibi tí wọ́n ti ń bọ odò, wọ́n á fà á tu, ẹ̀bi yín sì ni. Ẹ tún bi wọ́n nípa ọjọ́ Agẹmọ àti Orò. Àsìkò Agẹmọ máa ń bọ́ sínú òjò gan-an, àwọn obìnrin kì í sì jáde sójú ọ̀nà tí Agẹmọ ń gbà. Tó bá jẹ́ obìnrin ló ń ka omi fún yín, ẹ ti wá ọkùnrin tó máa bá a kà á lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, kí ìwé yín má bàa ní ihò níbi tó yẹ kó kún jù.

Kí ẹ tó kúrò ní ìpele yìí: ẹ dúró níbi tí ẹ yàn, kí ẹ ju ewé sómi. Tí ewé náà bá ń fà mọ́ ẹ̀gbẹ́ tí ẹ wà, ibẹ̀ ni odò ń gbá. Tó bá sá lọ sí òdìkejì, ẹ tún ibi yàn.

Ìpele 2: Ẹ ri òpó àmì

Èyí ni ọkàn iṣẹ́ náà, òun sì ni wọ́n ń fi ṣeré jù. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo wọn bèbè, igi ọ̀pẹ kan tó jìnnà sétí ilẹ̀ ní mítà mẹ́rin ni mo fi ṣe ojú ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìgbà òjò ni mo fi ń wọ̀n láti ìdí ọ̀pẹ yẹn. Nínú oṣù kẹwàá, bèbè wó, ọ̀pẹ sì bá a lọ. Oṣù méje tí mo fi kọ nǹkan sínú ìwé kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́, torí kò sí ojú tí mo lè padà sí láti mọ iye tó lọ.

Nítorí náà, ìlà mẹ́ta ni kí ẹ fà, kí ẹ fi mítà márùn-ún sáàárín ìlà kan àti èkejì. Orí ìlà kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ ri òpó méjì sí: òpó A ní mítà mẹ́wàá sí etí bèbè, òpó B ní mítà ogún. Níbi tí ilẹ̀ bá jẹ́ yanrìn pupa tó ń wó gan-an, ẹ sún wọn sẹ́yìn sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti ọgbọ̀n. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó 60 cm, kí ẹ fi kọnkéré dè é, kí orí rẹ̀ yọ sókè ní 20 cm péré. Òpó tó bá ga jù, màlúù á fara ha á, ọmọdé á mì ín.

Kí ló dé tó fi jẹ́ méjì? Torí òpó kan ṣoṣo kò sọ ẹ̀gbẹ́ tí téèpù máa kọjú sí. Tí ẹ bá fa téèpù sọ́tùn-ún lónìí, tí ẹ fà á sósì lóṣù tó ń bọ̀, iye á yàtọ̀ láìjẹ́ pé ilẹ̀ kankan lọ. Pẹ̀lú méjì, ẹ dúró lẹ́yìn B, kí ẹ fojú dì í mọ́ A, kí ẹ wá fa téèpù lọ tààrà. Bákan náà, tí odò bá gbé A lọ, B ṣì wà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wọn A dé etí bèbè, kí ẹ kọ ọ́. Ẹ fẹnu kò lórí ohun tí "etí" túmọ̀ sí. Koríko máa ń yọrí síta, á bo etí gidi mọ́lẹ̀, ẹlòmíràn á sì wọ̀n dé orí koríko tí kò sí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ọ̀pá gún un wò: ibi tí ọ̀pá ti kan ilẹ̀ gbẹ̀yìn ni etí. Tí ìsàlẹ̀ bá ti jẹ wọnú, tí òkè sì dà bí òrùlé, ẹ kọ bó ṣe jẹ wọnú tó sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú ìwé. Ẹ má ṣe dúró lórí irú etí bẹ́ẹ̀. Ẹ dojú bolẹ̀, kí ẹnìkejì di ẹsẹ̀ yín mú.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó pé: kí ẹni tí kò rí iye tí ẹ kọ wá wọn ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fúnra rẹ̀. Tí tiyín àti tirẹ̀ bá yàtọ̀ ju 3 cm lọ, ẹ jọ pinnu ohun tí etí jẹ́, kí ẹ tún un wọ̀n. Ẹ ya fọ́tò òpó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ilé tàbí igi ńlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀, torí tí igbó bá bò ó nínú oṣù kẹjọ, àtirí i á di iṣẹ́.

Ìpele 3: Ẹ kan irin mọ́ ara bèbè

Òpó ń sọ fún yín pé òkè ti lọ. Irin ló ń sọ fún yín pé ìsàlẹ̀ ń lọ, kó tó di pé òkè wó. Lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ kan irin mẹ́ta wọ ara bèbè ní ìbú, bí ìgbà tí èèyàn ń kan ìṣó mọ́ ògiri: ọ̀kan nítòsí omi ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan nítòsí òkè. Ẹ jẹ́ kí 5 cm yọ síta. Nígbàkigbà tí ẹ bá padà, ẹ wọn iye tó yọ. Tó bá di 12 cm, a jẹ́ pé ojú bèbè ti sún sẹ́yìn ní 7 cm níbẹ̀.

Bèbè tó ti sán kì í gba òòlù. Tí ilẹ̀ bá ń mì bí ẹ ṣe ń kàn án, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ fi ìlà yẹn sílẹ̀ fún òpó nìkan.

Àwọn tó ń ṣa àlòkù irin máa ń fà á yọ. Ẹ má fi ọ̀dà pupa kun irin yìí bí ẹni ń pè wọ́n. Ẹ fi ẹrẹ̀ kùn ún, kí fọ́tò àti ìwọ̀n láti òpó A sì jẹ́ ohun tí ẹ máa fi wá a. Mo mọ ẹni tó fi igi ọparun ṣe é torí olè. Kí ọdún tó yípo, ikán ti jẹ ẹ́ tán.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ sínú ìwé lọ́nà tí kò tọ́. Tí wọn ò bá rí irin mọ́, wọ́n á kọ "kò sí," wọ́n á ṣí ojú ìwé mìíràn. Irin tí ẹ kò rí mọ́ lẹ́yìn omi ńlá ní ohun tó ń sọ. 95 cm ló wọnú ilẹ̀. Tó bá jẹ́ omi ló gbé e, bèbè ti lọ tó bẹ́ẹ̀ ó kéré tán. Ẹ kọ "ó ju 95 cm," kí ẹ sì wo òpó A kí ẹ mọ iye gan-an. Tí etí òkè kò bá sún rárá, tí koríko ojú bèbè sì wà bó ṣe wà, ọwọ́ èèyàn ló fà á.

Àyẹ̀wò: ní ọjọ́ kejì tí ẹ kàn wọ́n, ẹ padà lọ. Mẹ́sẹ̀ẹ̀sán gbọ́dọ̀ wà ní 5 cm. Èyí tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, òòlù ló tú ilẹ̀ ìdí rẹ̀, kì í ṣe odò. Ẹ tún un kàn lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìpele 4: Ẹ mọ bí omi ṣe ga tó

Tí afárá bá wà nítòsí, ẹ fi ọ̀dà fa ìlà sí ara ẹsẹ̀ rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá mẹ́wàá, kí òdo wà nísàlẹ̀ omi ẹ̀ẹ̀rùn. Tí kò bá sí, ẹ ri òpó mọ́lẹ̀ ní ibi tí omi ti rọra ń ṣàn. Ẹ wá kan ìṣó kan mọ́ ohun tí kò lè kúrò, bí ògiri tàbí igi ńlá tó jìnnà sódò, kí ẹ fi rọ́bà olómi tí àwọn bíríkìlà fi ń mọ ìpìlẹ̀ tó tẹ́jú mú ìwọ̀n ìṣó náà bá ti òpó. Ọjọ́ tí pàǹtí bá gbá òpó yín wó, ìṣó yẹn ni ẹ máa fi dá a padà sójú kan náà.

Ẹ máa ka omi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ní aago kan náà. Ẹ kọ òjò náà sí i: agolo tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ dọ́gba, tí ẹ gbé síta gbangba, tó fún èèyàn láti mọ iye mìlímítà tó rọ̀.

Àmọ́ odò kékeré wa máa ń kún lóru, á sì ti lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó ka omi láago méje àárọ̀ á kọ 60 cm, nígbà tó jẹ́ pé omi ti dé mítà méjì láago méjì òru. Fún èyí, ẹ lu ihò kéékèèké sí ìsàlẹ̀ páìpù rọ́bà, ẹ fi ẹfun kun ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ fi ọ̀pá náà sínú páìpù, ẹ dé orí rẹ̀ kí òjò má wọlé, kí ẹ so ó mọ́ òpó. Omi á gòkè nínú páìpù, á fọ ẹfun dé ibi tó ga dé. Láàárọ̀, ẹ yọ ọ̀pá náà, ibi tí ẹfun ti bẹ̀rẹ̀ ni orí omi òru. Ẹ dán an wò nínú garawa omi nílé kí ẹ tó gbé e lọ. Tí ẹfun kò bá ṣí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ti kùn ún nípọn jù.

Ẹ má ṣe rò pé òjò ọ̀dọ̀ yín nìkan ló ń gbé omi wá. Odò Ọ̀ṣun tó ń gba ìlà-oòrùn Ìjẹ̀bú kọjá lọ sí Ọ̀sà Lẹ́kkí ti gba Òṣogbo wá, wọ́n sì ti dá a dúró ní Aṣẹ́jirẹ́ lójú ọ̀nà. Odò Ọnà ti gba Ìbàdàn kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Omi lè ga lójú odò yín lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn. Tí ìwé yín bá ní ọjọ́ tí òjò jẹ́ òdo tí omi sì ga, ẹ má pa á rẹ́. Ọjọ́ yẹn ṣe iyebíye.

Ìpele 5: Ẹ wọn bí omi ṣe ń sáré

Ìgbà tí omi kò bá ju orúnkún lọ, tí kò sì sáré púpọ̀, ni kí ẹ wọnú odò. Omi tó ń sáré, tó ga ní 15 cm péré, lè gbé àgbàlagbà ṣubú; 60 cm lè gbé mọ́tò lọ.

Ẹ na okùn olókókó kọjá odò. Ní kókó kọ̀ọ̀kan, ẹ ki ọ̀pá bọlẹ̀, kí ẹ kọ bó ṣe jìn tó. Ibi tó bá jìn ju orúnkún lọ, láti inú ọkọ̀ ojú omi tàbí lórí afárá ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi odò kan tó fẹ̀ ní mítà mẹ́jọ ṣàlàyé. Jíjìn rẹ̀ láti kókó kìíní dé ìkeje jẹ́ 0.3, 0.6, 0.9, 1.1, 1.0, 0.7 àti 0.4, etí méjèèjì jẹ́ òdo. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 5.0. Nítorí pé mítà kan ló wà láàárín kókó, ojú ibi tí omi ń gbà kọjá níbẹ̀, ìbú lọ́nà jíjìn, jẹ́ 5 m².

Ẹ wá wọn mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́bàá odò, níbi tó gún, kí ẹ ri igi sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Ẹnìkan á ju ọsàn sómi lókè igi àkọ́kọ́, ẹnìkejì á bẹ̀rẹ̀ aago nígbà tó bá kọjá igi náà, á sì dá a dúró ní igi kejì. Ọsàn ló dára, torí ó máa ń rì tán kù díẹ̀, afẹ́fẹ́ kì í rí i gbá. Ike omi òfìfo tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò máa ń bá afẹ́fẹ́ lọ, á sì pa irọ́ fún yín. Ẹ ṣe é nígbà mẹ́sàn-án: mẹ́ta nítòsí etí kan, mẹ́ta láàárín, mẹ́ta nítòsí etí kejì. Èyí tó bá há sínú koríko, ẹ má kà á.

Ẹ ro àkókò wọn pọ̀, kí ẹ pín in sí iye ọsàn tí ẹ kà. Ká ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló jẹ́. Mítà 15 tí a pín sí 25 jẹ́ 0.6: bí ojú omi ṣe ń sáré nìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àmọ́ ìsàlẹ̀ odò ń fara ha ilẹ̀, kì í sáré tó òkè. Ẹ fi 0.85 mú un lọ sílẹ̀: 0.6 lọ́nà 0.85 jẹ́ 0.51. Ẹ wá fi márùn-ún sọ ọ́ di púpọ̀, ó jẹ́ 2.55. Ìyẹn ni pé lítà 2,550 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nǹkan bíi kẹ́ẹ̀gì olítà 25 méjìlélọ́gọ́rùn-ún nìyẹn, kí èèyàn tó ṣẹ́jú.

0.85 yìí ni wọ́n ń gbàgbé jù. Ẹni tó bá fò ó á rò pé odò òun gbé omi ju bó ṣe rí lọ.

Lọ́jọ́ tí omi kún, ẹ má sún mọ́ bèbè. Láti orí afárá tó lágbára tàbí láti ẹ̀yìn òpó A, ẹ wo pàǹtí tàbí igi tó ń léfòó bọ̀, kí ẹ ka aago rẹ̀ láàárín àmì méjì tí ẹ ti wọ̀n sílẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn.

Àyẹ̀wò: iye tí ọsàn àárín mú gbọ́dọ̀ yá ju ti etí méjèèjì lọ. Tí etí kan bá yá ju àárín lọ, ìtẹ̀ odò ni ẹ wà, kì í ṣe ibi tó gún. Ẹ sún sókè.

Ìpele 6: Ọjọ́ tí omi ń lọ

Ibi tí gbogbo iṣẹ́ ń já sí rèé. Nígbà tí odò kún, omi wọ inú bèbè, ilẹ̀ mu ún, ó wúwo. Síbẹ̀ omi odò fúnra rẹ̀ ṣì ń ti bèbè náà padà bí ẹni fi ọwọ́ ti ògiri. Tí omi bá wá fà sẹ́yìn kíákíá, ọwọ́ yẹn ti kúrò, ilẹ̀ sì wúwo síbẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí omi ti jẹ kò lè gbé e. Á já. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń sùn lálẹ́ ọjọ́ kejì, tí oòrùn ti ràn, tí wọ́n ti dúpẹ́ pé ó ti lọ, tí wọ́n á wá gbọ́ gbìì lóru.

Nítorí náà ẹ lọ nígbà mẹ́ta lẹ́yìn omi ńlá: ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ọjọ́ kẹta, ọjọ́ keje. Ẹ wọn òpó dé etí, kí ẹ wọn irin tí ọwọ́ yín bá tó láìséwu. Ẹ wá ìlà sísán lórí ilẹ̀. Tí ẹ bá rí i, ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ tí ilé wà. Ẹ ri ìṣó gígùn méjì mọ́lẹ̀, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún ìlà náà bí ọwọ́ bá tó o láìkọjá rẹ̀, kí ẹ sì máa wọn àárín wọn. Tó bá ń fẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ fi okùn dá ibẹ̀ dúró, kí ẹ sọ fún ọmọdé àti ẹni tó ń da ẹran.

Ẹ fi ọ̀dà sàmì sí ibi tí omi ga dé lára ilé, kí òjò mìíràn tó fọ ọ́. Ìlà ẹrẹ̀ lára ògiri ló dára jù, èyí tó wà nínú ilé ju ti ìta lọ, torí omi inú ilé kì í ru. Koríko tó rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi lè ga ju omi lọ, tí omi bá ti fọ́n ọn sókè.

Ẹ mọ̀ pé ó dára tí ìwé yín bá ní ọjọ́ mẹ́ta fún omi ńlá kan, tí etí kò sì tún sún mọ́ láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkeje. Tó bá ṣì ń sún, ẹ máa lọ títí tó fi máa dúró.

Ìpele 7: Ẹ ka ohun tí ìwé ń sọ

Ẹ má ṣe pín àròpọ̀ sí iye ọdún kí ẹ wá sọ pé 40 cm ni odò ń gé lọ́dún. Odò kì í gé ilẹ̀ bí owó oṣù. Ó lè má mú nǹkan kan fún ọdún méjì, kó wá mú mítà mẹ́ta lóru ọjọ́ kan. Iye tó tóbi jù tó mú lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ fi pinnu ibi tí ilé máa wà. Tó bá jẹ́ ọdún kan péré ni ẹ fi wọ̀n, ẹ lo fọ́tò sátẹ́láìtì ti Google Earth lórí kọ̀ǹpútà, èyí tó ń fi àwòrán ọdún tó ti kọjá hàn, kí ẹ wo bí odò ṣe tẹ̀ nígbà náà. Ẹ ṣọ́ra, torí àwòrán ọdún kan lè sún ní mítà bíi mélòó kan sí ti òmíràn. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá afárá tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nítòsí bọ́ sójú kan náà nínú méjèèjì.

Tí irin ìsàlẹ̀ bá ń yọ jáde tí ti òkè kò yọ, omi ń jẹ ẹsẹ̀ bèbè, òkè máa tẹ̀lé e. Ẹ wò ó bóyá àwọn tó ń wa yanrìn wà níwájú, níbi tí odò ń ṣàn lọ. Tí wọ́n bá gbẹ́ ìsàlẹ̀ odò jìn níbì kan, ihò náà máa ń gun odò lọ sókè, bèbè tó jìnnà sí típà wọn á sì wó. Tí irin òkè ló ń yọ, omi òjò láti orí pánù àti ojú ọ̀nà ni ẹ kọ́kọ́ ní láti darí sí ibòmíràn. Ní ọ̀nà méjèèjì, ẹ má gé ọparun àti igi etí odò. Gbòǹgbò wọn ló ń di ilẹ̀ mú. Àpò yanrìn tí ẹ bá tò síwájú ilẹ̀ yín nìkan ń ti omi lọ bá aládùúgbò ni.

Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé náà méjì. Ọ̀kan fún súfèyọ̀ kó tó gún píkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn òpó ààlà ilẹ̀, ọ̀kan fún Baálẹ̀. Tó bá kan gbogbo àdúgbò, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ Ogun-Oshun River Basin Development Authority, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó odò agbègbè wa, ní Abẹ́òkúta. Ẹ fi ohun tí NIHSA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ omi odò, ń gbé jáde lọ́dọọdún nípa ibi tí omi lè kún sí wé e, àti ohun tí NiMet, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́, ń sọ nípa òjò ọdún náà. Ìwé yín ló máa sọ fún wọn ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú odò tiyín, tí wọn ò lè rí láti ibi tí wọ́n wà.

Nínú oṣù kìíní, ẹ padà sídìí òpó B, ẹ ro igbó kúrò lórí rẹ̀, ẹ tún un kùn, kí ẹ wọn ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan sí i. Èyí tí kò bá ku mítà mẹ́ta mọ́ láàárín etí àti òpó A, ẹ ri òpó kẹta sẹ́yìn B kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀.